Láti Orí Ìtàgé dé Inú Agolo: Ìtàn Sinimá Èdè Yorùbá àti Ọ̀ràn Ìpamọ́ Rẹ̀

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí eré oníṣe Yorùbá, pàápàá lórí eré alárìnjó àti lórí àwọn ìwé eré onítàn tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Sinimá kò rí irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀ gbà tó. Bí a bá sì rí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lé e, kókó inú eré ni ó sábà máa ń gbájú mọ́: ipò obìnrin nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àjẹ́ àti oṣó, tàbí bí òṣèré ṣe ń lo òwe. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò yàtọ̀ díẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: ta ni ó ni sinimá Yorùbá, níbo ni ó sì wà? Ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìtàn, èkejì sì jẹ́ ti ìpamọ́. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ ni ó bí ìdáhùn sí èkejì.

Ibi tí a dúró sí láti wo ọ̀rọ̀ náà ni Maitumbi, àdúgbò kan ní ìlú Minna tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger. Ó lè ya ònkàwé lẹ́nu pé a kò dúró sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Minna kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Gbágyì ni onílẹ̀, àwọn Nupe àti Hausa sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1911 sí 1912, ojú irin tí ó ti Èkó gba Jẹ́bà wá àti èyí tí ó ti Bàrò lọ sí Kánò pàdé ní Minna, àwọn Yorùbá òṣìṣẹ́ ojú irin, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì bá ọ̀nà náà dé. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní 1976, iṣẹ́ ìjọba tún fa àwọn mìíràn wá. Ọmọ tí a bí sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ Hausa ní ọjà, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́, Yorùbá tí ó sì ń gbọ́ nílé kì í ju ti oúnjẹ, ìkìlọ̀ àti àdúrà lọ. Sinimá wà lára ibi díẹ̀ tí ó ti lè gbọ́ ẹnu ọba, ẹnu ọdẹ, ẹnu babaláwo àti ẹnu onílù. Ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ lè bi àgbà léèrè. Ẹni tí ó wà ní Maitumbi, agolo fíìmù ni àgbà rẹ̀. Nítorí náà, bí agolo bá sọnù, kì í ṣe eré ìdárayá nìkan ni ó sọnù.

Orísun: Eégún, Nupe àti Ọ̀yọ́

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn sinimá Yorùbá ni eré alárìnjó wà, ìtàn alárìnjó náà kò sì jìnnà sí agbègbè Niger tí a ń wí yìí. Gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti sọ, ogun Nupe ni ó lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Aláàfin sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀dó sí Ìgbòho. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ kúrò ní Ìgbòho rán àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀ kí wọ́n ṣe bí iwin láti dẹ́rù ba àwọn tí ọba rán láti lọ wo ilẹ̀. Àwọn ọdẹ ọba mú àwọn iwin náà, ìdí nìyí tí a fi ń pe ọba náà ní Ọba Mọ́rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí, fi ìtàn àwọn iwin náà àti iṣẹ́ ìdílé Ológbìn ní ààfin ṣe ìpìlẹ̀ eré eégún aláré.

Nígbà tí Clapperton àti Lander wà ní Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kejì ọdún 1826, irú eré yìí ni Aláàfin fi ṣe wọ́n ní àlejò, àkọsílẹ̀ tí Clapperton fi sílẹ̀ sì wà lára èyí tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nípa eré oníṣe Yorùbá. Ohun méjì ni ó yẹ kí a mú jáde nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé eré náà kúrò ní ààfin, ó di ti ẹgbẹ́ tí ń rìn láti ìlú dé ìlú, tí ń jẹun nínú ohun tí ònwòran bá fún un. Èkejì ni pé olórí ẹgbẹ́ ni ó ni eré, ẹbí rẹ̀ ni ó sì ń jogún rẹ̀. Àṣà méjèèjì yìí kò yẹ̀ títí tí kámẹ́rà fi dé.

Gbọ̀ngàn Glover àti Ògúndé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, ní Gbọ̀ngàn Glover ní ìlú Èkó. Fíìmù òkèèrè ni wọ́n fi hàn. Ó tó ọdún mọ́kànlélógójì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1944, kí Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà, tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí Ọgbà Édẹ́nì sí inú gbọ̀ngàn kan náà, ní ìtìlẹ́yìn ìjọ Aládùúrà kan. Nígbà tí ó di 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́.

Ògúndé kò fi eré rẹ̀ mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó gbé e gòkè lọ sí Àríwá. Ní 1946, ìjọba amúnisìn fòfin de eré rẹ̀ lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Jọ́ọ̀sì; ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n tún mú un ní Kánò nítorí eré tí ó ṣe lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀ fòfin dè é nítorí eré Yorùbá Ronú, òfin náà kò sì kúrò títí ìjọba ológun fi dé ní 1966. A mú àwọn àpẹẹrẹ yìí wá kí a lè rí i pé ìjọba kò fi ìgbà kan jẹ́ alágbàtọ́ eré Yorùbá. Bí kò bá fòfin dè é, a jẹ́ pé kò bìkítà fún un. Owó ònwòran ni ó gbé e ró, láti Èkó títí dé àwọn ìlú ojú irin ní òkè Ọya.

Ìgbà Agolo Fíìmù, 1976 sí 1988

Ọ̀kan lára àwọn sinimá àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà kópa pàtàkì nínú ṣíṣe wọn lẹ́yìn òmìnira ni Kongi's Harvest ti 1970, láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, Ossie Davis ará Amẹ́ríkà ni ó sì darí rẹ̀. Ẹni tí ó gbé èdè Yorùbá sí inú sinimá ńlá ni Ọlá Balógun. A bí i ní ìlú Aba ní 1945, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris. Ní 1975 ó ṣe Amadi ní èdè Igbo. Ní 1976 ó ṣe Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love. Dúró Ládiípọ̀, ẹni tí a mọ̀ mọ́ Ọba Kò So, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìpàdé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe pàtàkì. Balógun mọ kámẹ́rà. Adé Love, Ládiípọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ ònwòran. Láti ìgbà náà ni olórí ẹgbẹ́ òṣèré ti di olóòtú fíìmù. Ní 1979, Adé Love gbé Ìjà Òmìnira jáde, tí Balógun darí, láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí. Èyí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ sàmì sí: sinimá Yorùbá kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ó fi nawọ́ mú ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá. Ní ọdún kan náà ni Ògúndé ṣe Ayé, tí Balógun tún darí, láti inú eré orí ìtàgé tí ó ti ń ṣe láti 1972. Jáyésinmi tẹ̀lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Adé Love ṣe Kádàrá ní 1980 àti Ìjà Orogún ní 1982. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982 àti Ààrẹ Àgbáyé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi àwọn fíìmù yìí han àwọn ènìyàn? Àwọn ilé sinimá ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì àti Íńdíà, ti kún fún fíìmù òkèèrè. Nítorí náà, olóòtú ń háyà gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀: Gbọ̀ngàn Àpapọ̀ ti Iganmu ní Èkó, gbọ̀ngàn ilé-ìwé, tàbí pápá ìṣeré. Ó ń gbé agolo fíìmù àti ẹ̀rọ ìfihàn sínú ọkọ̀, ó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà gba owó, nígbà tí eré bá sì parí, ó ń di agolo rẹ̀, ó ń lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé alárìnjó náà ni. Ohun tí ó yí padà ni pé dípò kí ó kó ogún òṣèré sínú ọkọ̀, agolo mélòó kan ni ó kó.

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa àkọ́kọ́ nìyí. Ẹni tí ó ṣe sinimá Yorùbá ni ó ni ín, kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá, kì í ṣe yunifásítì. Agbára rẹ̀ wà nínú èyí, nítorí kò sí ọ̀gá kan tí ó lè pàṣẹ pé kí a má fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àìlera rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ fíìmù náà nítorí kò sí ibi tí ó péye fún iṣẹ́ náà nílé. Ẹ̀dà tí wọ́n ń gbé wálé kò pọ̀, èyí kan náà ni wọ́n sì ń fi hàn ní ìlú kan tẹ̀lé òmíràn, nínú eruku àti ooru, títí yóò fi ha, tí yóò sì já.

Ohun tí Ọ̀run Móoru Kọ́ Wa

Ọ̀run Móoru ni àpẹẹrẹ tí ó burú jù. Bàbá Sàlá yá owó ńlá láti ṣe é. Balógun ni ó darí rẹ̀, Túndé Kèlání sì wà nídìí kámẹ́rà. Kí olóòtú tó rí èrè rẹ̀ kó, àwọn olè ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á kiri. Gbèsè ni ó gbẹ̀yìn iṣẹ́ náà fún un, bẹ́ẹ̀ ni òun ni aláwàdà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nígbà náà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí ó múná díẹ̀ kò jáde títí di 1988. Bàbá Sàlá gbé ayé títí di oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọ̀rọ̀ Ọ̀run Móoru kò sì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀.

Àwọn ènìyàn ka ìtàn yìí sí ìtàn olè. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní apá kan tí a kì í sábà sọ. Ẹ̀rù olè mú kí olóòtú máa fi agolo pamọ́ fún gbogbo ènìyàn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dà, ìbáà ṣe yunifásítì, ìbáà ṣe ilé ìkàwé. Nígbà tí olóòtú bá wá kú, agolo wà nínú yàrá tí ooru mú, ọmọ kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe, ọtí kíkan tí fíìmù tí ó ń bàjẹ́ ń rùn bí rẹ̀ sì ti gba yàrá. Ohun tí ènìyàn kan ṣoṣo ni, bí ẹni náà bá lọ, ó di ohun tí kò ní olówó.

Fídíò àti Ìgbà Kèlání

Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀. Fíìmù tí a ń fi owó òkèèrè rà kò ṣeé rà mọ́. Àwọn òṣèré alárìnjó kò jókòó ti ọ̀rọ̀ náà; wọ́n yí sí fídíò. Soso Méjì ti Adé Ajíbóyè, ní 1988, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ní 1989, Kenneth Nnebue, oníṣòwò Igbo, náwó lé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi lórí pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Nnebue ṣe Living in Bondage ní èdè Igbo, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Kò sí àní-àní pé ọ̀nà tí Nnebue rìn, àwọn òṣèré Yorùbá ni ó kọ́kọ́ là á.

Fídíò ni ó gbé sinimá wọ inú ilé. Láti ìgbà yìí ni ẹni tí ó wà ní Maitumbi kò nílò kí ó dúró de ọkọ̀ òṣèré mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì láti Ìdúmọ̀tà lè bá bọ́ọ̀sì dé. Ẹni tí ó sì fi ìgbà yìí ṣe ohun tí ó níyì jù ni Túndé Kèlání. Ó ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ fíìmù agolo; nígbà tí ó wá dá ilé-iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀, ó gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní 1993, Ayọ̀ Ni Mo Fẹ́ ní 1994, àti Kòṣeégbé ní 1995. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Yorùbá, ni ó kọ Kòṣeégbé. Òun náà ni ó ni ìtàn àròsọ Ó Le Kú tí ó jáde ní 1974, tí Kèlání sọ di fíìmù ní 1997. Fíìmù náà tàn débi pé ìró àti bùbá kúkúrú tí àwọn obìnrin wọ̀ nínú rẹ̀ tún di àṣà, tí wọ́n sì ń pè é ní olekú. Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, Agogo Èèwọ̀ sì tẹ̀lé e ní 2002. Ìṣọ̀lá ni ó kọ méjèèjì. Mágùn ti 2001 wá láti inú iṣẹ́ Fálétí, Fálétí fúnra rẹ̀ sì ṣeré nínú Ṣaworoidẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́, akéwì ṣe é, oníkámẹ́rà tí ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ṣiṣẹ́ ya á. Bí a bá ń wá ibi tí lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ, lítíréṣọ̀ alohùn àti sinimá ti pàdé, ibẹ̀ náà nìyí. Fálétí kú ní 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018. Ohùn wọn wà nínú téèpù tí a kò ṣe láti pẹ́ títí.

Àfiwé: Sinimá Jọ́jíà

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. A ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí sinimá jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí a wo ibi tí ó ti jẹ́ ti ìjọba. Kádàrá ti Adé Love wà lára àwọn fíìmù Áfíríkà tí a fi hàn ní àjọ̀dún sinimá Tashkent, ní ilẹ̀ Soviet àtijọ́. Nínú ilẹ̀ Soviet yìí kan náà ni Jọ́jíà wà nígbà náà. Kì í ṣe Jọ́jíà ti Amẹ́ríkà ni a ń wí, bí kò ṣe orílẹ̀-èdè tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Tbilisi. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin, èdè wọn sì ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Iye àwọn tí ń sọ Yorùbá ju tiwọn lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ìjọba ni ó ni ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Tbilisi, òun ni ó ń san owó, òun náà ni ó sì ń tọ́jú agolo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ ní èdè kékeré náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ lè tilẹ̀kùn. Tengiz Abuladze parí fíìmù kan ní 1984 tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìrònúpìwàdà, lórí ìwà ìkà àwọn aláṣẹ ìgbà Stalin. Wọ́n fi pamọ́ fún ọdún mélòó kan kí ó tó jáde ní gbangba, tí ó sì gba ẹ̀bùn ńlá ní Cannes ní 1987. Nígbà tí Soviet fọ́ ní 1991, ogun àti àìsí iná mànàmáná bá Jọ́jíà, ilé-iṣẹ́ fíìmù náà dákẹ́. Àwọn ará Tbilisi tún rí i pé Moscow ni ojúlówó agolo ọ̀pọ̀ fíìmù wọn wà.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ìjọba dá àjọ fíìmù kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ìran tuntun sì dìde: Zaza Urushadze pẹ̀lú Tangerines ní 2013, Nana Ekvtimishvili àti Simon Groß pẹ̀lú In Bloom ní ọdún kan náà, George Ovashvili pẹ̀lú Corn Island ní 2014, àti Dea Kulumbegashvili pẹ̀lú Beginning ní 2020. Síbẹ̀, ní 2022, wọ́n yọ olórí àjọ náà nípò, ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ fíìmù sì fi ẹ̀hónú hàn pé ìjọba fẹ́ gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ìjọba nìkan kò tó alágbàtọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo kò ti tó. Ní Jọ́jíà, agolo wà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ni kọ́kọ́rọ́. Lọ́dọ̀ wa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agolo ti sọnù.

Agolo Kan ní Jọ́ọ̀sì

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, àpẹẹrẹ kan wà ní Àríwá níhìn-ín. Ní 1976, ọdún kan náà tí Àjàní Ògún jáde, Adamu Halilu darí Shaihu Umar ní èdè Hausa, láti inú ìtàn àròsọ Abubakar Tafawa Balewa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn gbà pé fíìmù náà ti sọnù. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ Àjọ Fíìmù Nàìjíríà ní Jọ́ọ̀sì. Ilé-iṣẹ́ Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, ó sì tún hàn lójú ìtàgé ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní oṣù kejì 2018, lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé.

Kí ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe? Ẹ̀dà kan wà ní ibi tí kì í ṣe ilé ẹni tí ó ṣe é. Ìyẹn nìkan ni. Yàrá náà kò dára tó, ọ̀pọ̀ agolo inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níbẹ̀ ni a rí tún ṣe. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Shaihu Umar àti ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ìgbà rẹ̀ kò kan ẹwà iṣẹ́; ibi tí agolo sùn sí ni ó yà wọ́n.

Ìgbà Tiwa

Ní òní, sinimá Yorùbá ti tún yí aṣọ padà. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ṣe Ìràpadà ní 2006. Ní 2022 ó ṣe Aníkúlápó lórí Ọ̀yọ́ àtijọ́ fún Netflix. Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Adébáyọ̀ Sàlámì, ṣe Jagun Jagun ní 2023. Ìran alárìnjó kò parun. Ọmọ ń jogún iṣẹ́ bàbá gẹ́gẹ́ bí ti ìdílé Ológbìn.

Ẹni tí a fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni Bíyì Bándélé. Ìlú Kafanchan, ìlú ojú irin ní Àríwá bí Minna, ni a bí i sí ní 1967, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ àwọn ìtàn àròsọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ eré Ṣóyínká lórí Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí ó jáde ní 1975, di fíìmù, Yorùbá ni ó fi ṣe é. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó wáyé ní Ọ̀yọ́ ní 1945 ni eré náà dá lé. Ládiípọ̀ ti fi ṣe Ọba Wàjà ní 1964, Ìṣọ̀lá sì ti túmọ̀ eré Ṣóyínká sí Yorùbá. Bándélé kú ní oṣù kẹjọ 2022, ní oṣù tí ó ṣáájú èyí tí a fi fíìmù náà hàn ní Toronto. Bí a bá tún rántí pé Aba ni a bí Ọlá Balógun sí, tí Adé Love sì jẹ́ ọmọ Agbamu ní Ìpínlẹ̀ Kwara, a ó rí i pé àwọn tí ó wá láti etí ilẹ̀ èdè náà ti ṣe ipa tiwọn nínú gbígbé e sínú sinimá. Kò yẹ kí a wo ọmọ Maitumbi bí ẹni tí ó jìnnà sí Yorùbá.

Ewu tuntun wà pẹ̀lú. Fíìmù tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ẹrù nínú ilé àyálégbé. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ilé-iṣẹ́ Amazon dáwọ́ níná owó lé fíìmù tuntun dúró ní Áfíríkà. Onílé lè ti ilẹ̀kùn nígbàkúùgbà tí ó bá wù ú, ayálégbé kò sì lè bá a jà.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀nà tí sinimá Yorùbá gbà dáyé, láti ọwọ́ alárìnjó tí ó ni eré rẹ̀ fúnra rẹ̀, ni ó fún un ní òmìnira, òun náà ni ó sì fa àìnípamọ́ rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí a sọ iṣẹ́ tí ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè, nítorí àwa kò ní owó tí a ó fi tún fíìmù ṣe, ṣùgbọ́n a ní etí, a ní ọwọ́, a sì ní akẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ ń tún kókó kan náà kọ. Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá lè ya akẹ́kọ̀ọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́dún kan, kí wọ́n da ọ̀rọ̀ ẹnu inú fíìmù kan kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àmì ohùn, pẹ̀lú àlàyé lórí ọfọ̀, oríkì, orin àti ẹ̀ka-èdè inú rẹ̀, láàrin ọdún mẹ́wàá a ó ní ogún ìwé láti ẹ̀ka kan ṣoṣo. Kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ìdílé olóòtú kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà fíìmù náà, kí àdéhùn sì wà ní kíkọ sílẹ̀ pé ẹ̀tọ́ títà ṣì jẹ́ ti ìdílé náà, nítorí ẹ̀rù olè kò tíì kúrò lára wọn. Kí ẹ̀dà wà ní ibi méjì ó kéré tán, ọ̀kan ní Gúúsù, ọ̀kan ní òkè Ọya. Kí wọ́n sì yára, torí àwọn òṣèré tí ó lè sọ ohun tí wọ́n wí níbi tí téèpù ti ha ti di arúgbó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Minna lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tí ó wà. Ní àwọn ilé Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní irú àdúgbò bí Maitumbi, kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Kí ó wò ó kí wọ́n tó dà á nù.